Òtútù Méjì Lórí Òkè Kétu

Nínú abala yìí, ọ̀rọ̀ èdè, ìtàn àti àṣà ni a sábà máa ń bá yín sọ. Ti ẹ̀ẹ̀yí yàtọ̀ díẹ̀. Àìsàn kan tí ó ká wa mọ́ ojú ọ̀nà ni a fẹ́ ròyìn. Kì í ṣe pé àìsàn tiwa ṣe pàtàkì ju ti ẹlòmíràn lọ. Àṣìṣe tí a ṣe níbẹ̀ ni ó jẹ́ kí a sọ ọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe é lójoojúmọ́, àwọn mìíràn kò sì padà wálé láti ròyìn tiwọn.

Àwọn tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kà wá mọ̀ pé “àwa” ni a máa ń pe ara wa níhìn-ín. Ní ìrìn-àjò yìí, “àwa” náà kò ju ẹnì kan ṣoṣo lọ, pẹ̀lú àpò kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan, àti orí tí ó ti ń fọ́ láti òwúrọ̀.

Ìsinmi ọdún ni ìgbà náà. A ti ṣèlérí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, pé a óò lọ fi ojú ara wa rí Àkábà Ìdẹ̀nà ní Kétu, kí ó má baà jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni a ti ń mú ìtàn rẹ̀ wá fún wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ó gbéra, orí ń fọ́ wa, oríkèé ń ro wá, ẹnu wa sì korò. Àwọn ará ilé ní kí a sún ìrìn náà síwájú. A dáhùn pé ọyẹ́ lásán ni, pé bí a bá ti jáde, ara yóò yá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbéra.

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà náà rí mọ̀ ọ́n: Sakété, Pobè, lẹ́yìn náà Kétu. Ní ìkọjá Pobè, ilẹ̀ a rẹlẹ̀ lọ sínú àfonífojì Issaba, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú, tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ nígbà òjò, tí ó sì máa ń sán pẹrẹpẹrẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní agbègbè náà, ní Onigbolo, ni wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ yóò sì yí àwọ̀ padà di pupa. Nígbà náà ni ẹ ó mọ̀ pé ẹ ti dé orí òkè olórí-pẹrẹsẹ Kétu. Kì í ṣe òkè tí ènìyàn ń gbójú sókè wò bí àwọn òkè Atacora. Ó ga díẹ̀ ni, ó sì tẹ́jú; ṣùgbọ́n ní àkókò ọyẹ́, ẹni tí ó ti etí ọ̀sà wá yóò mọ̀ pé ilẹ̀ mìíràn ni òun dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè bi wá pé kí ni ó fà á. Ọyẹ́ jẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá láti àríwá òun ìlà-oòrùn, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì. Ní etí òkun, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ dà bí aṣọ ìbora: kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní òru. Nígbà tí ọyẹ́ bá gbẹ afẹ́fẹ́, a dà bí ẹni pé wọ́n ká aṣọ náà kúrò. Ooru a gòkè lọ, ilẹ̀ a sì tutù kí ojúmọ́ tó mọ́. Bí ó bá di ọ̀sán, oòrùn a tún ta gan-an. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà bá a níwájú.

Ní ibùdókọ̀ Pobè, nígbà tí ọkọ̀ ń dúró de èrò, orí fífọ́ náà le sí i. Ilé oògùn wà ní ìlú náà, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọdékùnrin kan ń kọjá pẹ̀lú àwo oògùn lórí. A pè é, a ra kóró mẹ́rin, pupa méjì, aláwọ̀ ewé méjì, a sì fi omi inú ọ̀rá gbé wọn mì. Kò sí páálí, kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́ tí agbára wọn yóò tán. Ojú ń tì wá bí a ti ń kọ èyí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2009, ní Cotonou níhìn-ín, Jacques Chirac, ẹni tí ó ti jẹ ààrẹ ilẹ̀ Faransé, ké gbàjarè sí gbogbo ayé lórí ayédèrú oògùn. Ìpè Cotonou ni wọ́n sọ ìkéde náà, a sì ti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì wa nípa rẹ̀. A ti ṣàlàyé fún wọn ohun tí “pharmacie par terre” jẹ́. A ti sọ fún wọn pé oògùn tí ó ń jókòó sínú oòrùn lójoojúmọ́ lè ti di ẹ̀fun lásán, tàbí kí ó di májèlé. Olùkọ́ náà ni ẹ ń wò yìí, tí ó jókòó sínú ọkọ̀, tí ó ń gbé ohun tí kò mọ̀ mì.

Orí fífọ́ rọlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ohun tí ó pa ìrora kò tíì pa àìsàn. Ó kàn fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni a wọ Kétu. Eruku pupa ti bo orí páànù, afẹ́fẹ́ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú. A gba yàrá ní ilé àlejò kan, a ti ilẹ̀kùn, a dùbúlẹ̀ láìjẹun. Kò pẹ́ tí òtútù fi dé. A wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù, a fi aṣọ ìbora yí ara, a ká ẹsẹ̀ jọ; síbẹ̀ eyín ń gbá eyín, ibùsùn sì ń mì. A ń sọ fún ara wa pé ọyẹ́ Kétu mà le o! Nígbà tí ó di àfẹ̀mọ́júmọ́, òógùn bò wá, òtútù lọ, ara sì fúyẹ́. A rò pé ó ti tán.

Ohun kan wà ní òru náà tí a kò lè gbàgbé. Láàárín òtútù náà ni ó wá sí wa lọ́kàn pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó mọ yàrá tí a wà. A ti pa fóònù kí àwọn ará ilé má baà gbọ́ ohùn wa, kí wọ́n má baà mọ̀ pé òótọ́ ni àwọn sọ. Ẹni tí ń tọ́jú ilé àlejò náà kò mọ̀ ju orúkọ tí a kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ. Bí a bá dákú níbẹ̀, ìgbà tí owó yàrá bá tó san ni wọn ìbá tó wá kan ilẹ̀kùn. A ti lé ní ogójì ọdún, a ti kọ́ ọmọ púpọ̀ ní ẹ̀kọ́, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìgbéraga pa ara wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ sí Àkábà Ìdẹ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ibẹ̀, ẹ wá àyè lọ. Ẹnubodè àtijọ́ ni, láti ìgbà tí odi àti yàrà yí Kétu ká nítorí ogun. Ilẹ̀kùn méjì ni, pẹ̀lú àyè láàárín: ẹni tí ó bá wọ ti òde kò tíì wọ ìlú, àyè ṣì wà láti bi í ní orúkọ rẹ̀ àti ibi tí ó ti wá. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni orírun àwọn ọmọ Kétu, àti pé Ọba Ẹdẹ ni ó kó wọn dé ibùdó yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1853, nínú ọyẹ́ bí èyí, Samuel Àjàyí Crowther wá kí ọba ìlú náà. Ní 1886, ní ayé Ọba Glèlè, àwọn ọmọ ogun Dahomey ṣẹ́gun Kétu, wọ́n ba ìlú náà jẹ́, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tí ó kù padà wá tún ilé baba wọn kọ́. Ìtàn yìí ni a fẹ́ kọ sílẹ̀. A jókòó sí ìdí ògiri, a ṣí ìwé. Oòrùn ti ga. A kò tíì kọ ìlà kan tán tí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ìyá kan ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ní ọ̀ọ́kán wa. Ó ti ń wò wá fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó o. Ṣé kò sí?”

A ní kò sí, ọyẹ́ ni.

Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ojú wa. “Ọyẹ́ ti kúrò nílẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn ti yọ. Ọyẹ́ wo ní í mú ènìyàn nínú oòrùn? Níbo lẹ ti wá? Ta lẹ mọ̀ níhìn-ín?”

A ní Àjàṣẹ́ ni a ti wá, a kò sì mọ ẹnikẹ́ni.

Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí wa. Títí di ìgbà náà, “ẹ” ni ó ń pè wá, bí a ti ń pe àlejò. Láti ìgbà tí ó ti fọwọ́ kàn wá, ọ̀rọ̀ yí padà. “Ọmọ mi, ibà ni. Dìde.”

A bi í bóyá a lè rí àgbo mu. Ó ní, “Àgbo ò wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ ná, ká mọ ohun tá à ń bá jà.” Ó fi ìkòkò ẹ̀kọ rẹ̀ lé aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́, ó pe ọlọ́kadà kan, zémìjàn, ó sì ní kí ọmọ òun jókòó sẹ́yìn wa kí a má baà ṣubú. Òun fúnra rẹ̀ wọ òmíràn tẹ̀ lé wa.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gún wa ní ìka, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí ohun pẹlẹbẹ kan, wọ́n sì ní kí a dúró. Kò tó ìdajì wákàtí tí ìlà méjì fi hàn. Ibà ẹ̀fọn ni. Olùtọ́jú aláìsàn náà bi wá pé kí ni a ti lò. Nígbà tí a sọ nípa kóró pupa àti kóró aláwọ̀ ewé, kò bá wa wí. Ó kàn béèrè pé kí ni orúkọ wọn, a kò sì rí nǹkan kan sọ. Wọ́n fún wa ní artéméther-luméfantrine: ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a ó lò ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta, a ó sì lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ní epo, nítorí pé epo ń ran ara lọ́wọ́ láti gba oògùn náà. Ìyá náà ti gbọ́. Àkàrà gbígbóná ni ó fi tì í.

Níbẹ̀ ni òye òtútù méjèèjì ti yé wa. Òtútù ọyẹ́ ń bọ̀ láti òde: bí a bá súnmọ́ iná tàbí tí oòrùn bá yọ, a tán. Òtútù ibà ń bọ̀ láti inú. Nígbà tí kòkòrò ibà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ a paṣẹ pé kí ara gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ara a wá máa ṣe bí ẹni tí òtútù ń mú, a máa gbọ̀n kí ó lè rí ooru tí wọ́n ní kí ó wá. Bí ó bá yá, òógùn a dé, ara a sì rọ̀. Ìrọ̀rùn yìí ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ibà náà ṣì ń bọ̀. Oníṣègùn ọmọ ogun Faransé kan, Alphonse Laveran, ni ó kọ́kọ́ rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ní Constantine ní ilẹ̀ Àlùjíríà, ní 1880. Láti ara ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fi wo ibà láti ayébáyé ni Tu Youyou ti rí oògùn tí ìran tiwa ń lò lónìí yọ, wọ́n sì fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní 2015.

Ohun mìíràn yé wa tí ó mú wa rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn olóró bá ti jẹ ènìyàn títí di ọjọ́ tí ibà yóò fi hàn, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan, ó sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀fọn Kétu kò jẹ wá débi pé ó lè dá wa dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kan. Láti etí ọ̀sà tiwa ní Àjàṣẹ́ ni a ti gbé ibà náà dání wá, a sì wá ń bú ọyẹ́ Kétu. Ẹ wo iye ìgbà tí àlejò ń dá ìlú lẹ́bi fún ẹrù tí ó ti ilé rẹ̀ rù wá.

Oru méjì ni a lò ní agbo ilé ìyá náà. Kí ó tó fún wa ní ẹní, ó ti gba fóònù wa, ó ní kí a tan án, kí a sì pe ilé lójú òun. Bí a ti dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ìtàn kan tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń padà wá sí wa lọ́kàn. Ní 1827, René Caillié, ọ̀dọ́mọkùnrin Faransé kan, gbéra láti ìhà etí òkun Guinée láti lọ wá Timbuktu. Kò sí Òyìnbó kankan pẹ̀lú rẹ̀. Aṣọ Mùsùlùmí ni ó wọ̀, ó sì gba orí àwọn òkè tútù Fouta Djallon kọjá. Ní oṣù kẹjọ, ní Tiémé, ìlú kan tí ó wà ní Côte d'Ivoire òde òní, egbò ẹsẹ̀ dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni scorbut, àrùn tí àìjẹ èso àti ewébẹ̀ tútù ń fà, kọlù ú. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni ó fi wà níbẹ̀, ìyá àgbà kan ní ilé tí ó wọ̀ sí ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1828 ó tún gbéra. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ó wọ Timbuktu. Nígbà tí ó padà sí Faransé, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Àwa náà kọ́ orúkọ Caillié sórí ní ilé ẹ̀kọ́. Kò sí olùkọ́ kan tí ó bi wá pé kí ni orúkọ ìyá àgbà náà. A ti kọ́ni ní ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa náà kò bi ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, àwọn ọkùnrin tí ń gbé ère sórí, tí wọ́n ń jó láti yẹ́ àwọn ìyá sí. Ní 2001, UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ènìyàn ayé. A ti fi ọdún náà ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n lórí ẹní yẹn, pẹ̀lú ife ẹ̀kọ lọ́wọ́, ni a tó rí ìdí tí ìlú fi gbọ́dọ̀ jó fún àwọn ìyá.

Nígbà tí ara wa yá, a gbé owó fún un. Ó kà á, ó mú iye ẹ̀kọ tí kò tà ní ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé wa, ó sì dá ìyókù padà. A ní a fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí. Ó kọ̀, ó ní àwọn ará àdúgbò yóò máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí náà ni ẹ kò fi rí i níhìn-ín. A ti béèrè rẹ̀, a mọ̀ ọ́n, kò sì ní í jáde lọ́kàn wa.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tàbí kọ́ iṣẹ́ ní ìlú tí ẹ kò ti mọ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀ yín. Bí ara bá ń gbóná tàbí tí òtútù ń mú yín, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ náà gan-an kí ẹ tó lo ohunkóhun; ìka kan ni wọn yóò gún. Ẹ má ra oògùn nínú àwo, bí ó ti wù kí ó pọ́n tó. Ẹ lo èyí tí wọ́n bá fún yín tán, bí ara bá tilẹ̀ yá ní ọjọ́ kejì. Ẹni tí ó bá ń bì tí kò lè gbé oògùn mì, tí ń sọ̀sọkúsọ tàbí tí gìrì mú, kí a má ṣe dúró de ilẹ̀ mímọ́ kí a tó gbé e lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré, láti oṣù kẹrin 2024 ni Benin ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà. Ẹ béèrè nípa rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín. Àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ tó gbéra, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹnì kan, ẹ má sì pa fóònù nítorí ìtìjú.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ìlú yín náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ìkíni wa kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ẹnu. “Ṣé kò sí?” jẹ́ ìbéèrè, ẹni tí ó bá bèèrè rẹ̀, kí ó wo ojú ẹni tí ń dáhùn. Bí ìyá náà bá gba “kò sí” wa gbọ́, ọ̀rọ̀ ìbá ti gba ibòmíràn yọ.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, àwọn ọmọ béèrè ìtàn Àkábà Ìdẹ̀nà. A sọ ti odi àti yàrà fún wọn, a sọ ti 1886. Lẹ́yìn náà a sọ fún wọn pé ẹnubodè kì í ṣe fún dídá ọ̀tá dúró nìkan. Ibẹ̀ náà ni a ti ń bi àlejò léèrè ibi tí ó ti wá àti ẹni tí ó mọ̀, kí ó má baà kú sí ìta. Ọmọ kan béèrè pé ṣé aṣọ tí a mú lọ kò nípọn tó ni. A ní ó nípọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́: èèyàn bo ni lára ju aṣọ lọ.

Ó tún di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a fi ọyẹ́ yìí ṣe àṣemọ́dún.